Àdàkọ, Àtúnkọ, Àfarawé: Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta fún Iṣẹ́ Fáìlì Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti ògbufọ̀ ń lò nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa fáìlì kọ̀ǹpútà tí a ti kọ láti ọdún pípẹ́ wá, tí a sì fẹ́ kí kọ̀ǹpútà òde òní lè kà. Ọ̀rọ̀ náà ni yí padà. Bí wọ́n bá gbé fáìlì kúrò nínú díìsìkì flọ́pì sínú kọ̀ǹpútà tuntun, wọn a ní àwọn yí i padà. Bí wọ́n bá kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ní ìlànà mìíràn, wọn a ní àwọn yí i padà. Bí wọ́n bá wá ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà tuntun yóò fi máa ṣe bí ẹni pé ẹ̀rọ ogójì ọdún sẹ́yìn ni òun, kí ó lè ka fáìlì náà bí ó ti wà gan-an, èyí náà yíyípadà ni lẹ́nu wọn. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ mẹ́ta ni ìwọ̀nyí. Àkọ́kọ́ kì í ba nǹkan kan jẹ́. Èkejì lè ba ohun gbogbo jẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ẹ̀kẹta kì í fọwọ́ kan fáìlì rárá. Níbi tí èdè-ìperí bá ti pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà kò ní mọ èyí tí òun ti ṣe yàtọ̀ sí èyí tí ó kù.

Ọ̀ràn yìí kan èdè Yorùbá ju bí ó ti kan èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà tẹ iṣẹ́ wọn: àpilẹ̀kọ fún oyè, ìwé kíkà fún ilé-ẹ̀kọ́, ewì alohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn arúgbó, àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí. WordStar àti WordPerfect ni àwọn kan lò. Àwọn mìíràn lo Word pẹ̀lú fọ́ǹtì tí a dìídì ṣe nítorí ẹ, ọ àti ṣ. Púpọ̀ nínú àwọn tí àwọn arúgbó wọ̀nyí kéwì fún ti jáde láyé, àwọn arúgbó náà sì ti lọ ṣáájú wọn. Bí a bá ṣe àṣìṣe lórí fáìlì Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ó sábà máa ń sọnù ni lẹ́tà dúdú-kirikiri tàbí ìlà abẹ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀. Bí a bá ṣe irú àṣìṣe kan náà lórí fáìlì Yorùbá, ọ̀rọ̀ gan-an ni ó ń lọ.

Fáìlì kì í ṣe ìwé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ìwé ni a ń rí. Ọ̀wọ́ nọ́ńbà ni, a sì gbọ́dọ̀ mọ àdéhùn tí ẹni tí ó kọ ọ́ tẹ̀lé kí a tó lè sọ ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan dúró fún. Ẹni tí ó mọ àrokò kò ní rí èyí bí ohun àjèjì. Ẹyọ owó mẹ́fà tí a so pọ̀ tí a fi ránṣẹ́ kò ní ìfẹ́ kankan nínú. Ẹyọ owó lásán ni. Ẹni tí ó gbà á ni ó mọ̀ pé ẹẹ́fà ń pe ọ̀rọ̀-ìṣe fà, pé ọkàn olùránṣẹ́ ń fà sí òun, òun náà a sì fi ẹyọ mẹ́jọ dáhùn kí ọ̀rọ̀ wọn lè jọ. Fi ẹyọ mẹ́fà kan náà lé ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lọ́wọ́: yóò kà wọ́n pé mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò ní lè kà wọ́n. Àdéhùn yìí, tí àwọn kan ń pè ní fọ́máàtì, ni ó yẹ kí á máa pè ní ìlànà ìkọpamọ́. Orúkọ náà gùn díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́, pé ìlànà ni, kì í ṣe àwọ̀ tàbí ìrísí.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ ẹ̀rọ yìí ní ayárabíàṣá, ìyára rẹ̀ ni ó yìn. Orúkọ náà dùn, ó sì ti wọlé sí àwùjọ. Ṣùgbọ́n ní ti ọ̀ràn tí a ń sọ yìí, ohun tí ó yẹ kí a wádìí ni bí ẹ̀rọ náà ti ń rántí. Àṣá kì í sì í ṣe ẹyẹ tí Yorùbá mọ̀ mọ́ ìrántí.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ṣí náà ń ṣini lọ́nà. Ìlẹ̀kùn tí a ṣí ti ṣí. Èyí tí kò ṣí kò ṣí, ojú sì ń rí i. Fáìlì kò rí bẹ́ẹ̀. Fáìlì lè ṣí wẹ́rẹ́, kí ó sì máa purọ́. Àpẹẹrẹ WordStar tó láti fi èyí hàn, ó sì yẹ kí olùkọ́ tí ó ń kọ́ni ní èdè-ìperí sáyẹ́ǹsì mọ̀ ọ́n dájú, nítorí pé lórí èdè tiwa ni àrékérekè rẹ̀ ti hàn jù.

Ní ọdún 1978 ni ilé-iṣẹ́ MicroPro ní Amẹ́ríkà gbé WordStar jáde, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò ìtẹ̀wé tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Báìtì kan ní àyè mẹ́jọ, òdo tàbí ení ni ó sì lè wà ní àyè kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni báìtì kan fi lè jẹ́ nọ́ńbà èyíkéyìí láti 0 títí dé 255. ASCII, ìlànà tí wọ́n kọ́kọ́ fi lélẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1963, kò lò ju àyè méje lọ, ìyẹn nọ́ńbà 0 sí 127. Àyè kẹjọ ṣófo. WordStar wá sọ àyè òfìfo náà di ti ara rẹ̀: nígbà tí ó bá ń to ìpínrọ̀ kí ìlà lè gún régé, a fi 128 kún nọ́ńbà lẹ́tà tí ó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, kí ó lè fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí. Nígbà tí ó bá sì ń gbé ọ̀rọ̀ náà wá sójú kọ̀ǹpútà, a yọ 128 náà kúrò, ẹni tí ó ń tẹ̀wé kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Lẹ́tà a jẹ́ 97 nínú ASCII. Ní ìparí ọ̀rọ̀ nínú fáìlì WordStar ó di 225. Lẹ́tà e, tí ó jẹ́ 101, di 229. Lẹ́tà i, tí ó jẹ́ 105, di 233. Nínú ìlànà Latin-1 tí ó jáde ní ọdún 1987, èyí tí ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ṣì máa ń bọ́ sí nígbà tí wọn kò bá dá fáìlì mọ̀, 225 ni á, 229 ni å, lẹ́tà tí àwọn ará Swídìn ń lò, 233 sì ni é. Ẹni tí ó tẹ ile sínú WordStar láìfi àmì kankan sí i yóò rí ilå lónìí. Èyí kò léwu. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí i mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tẹ baba yóò rí babá. Ẹni tí ó tẹ iwa yóò rí iwá. Ẹni tí ó sì tẹ igba, ìbáà jẹ́ ìgbà tí òjò ń rọ̀ ni ó ní lọ́kàn, ìbáà jẹ́ igba náírà, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, igbá ni yóò rí. Iṣẹ́ tí ẹnìkan ṣe lórí ilà ojú yóò di iṣẹ́ lórí ilá, láti orí kìn-ín-ní dé òpin.

Àmì ohùn òkè tí ẹnikẹ́ni kò fi síbẹ̀ ni. Ìró kọ́, ìmọ̀ kọ́, ìṣirò tí ó ṣì ọ̀nà ni. Àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀dọ́mọdé olùwádìí tí kò bá gbọ́ nípa WordStar rí lè jókòó, kí ó máa ṣàlàyé ìdí tí òǹkọ̀wé náà fi ń fi àmì sí lẹ́tà a tí ó parí ọ̀rọ̀, tí kò sì fi sí ibòmíràn. Ẹ̀ka-èdè rẹ̀ ni kẹ̀? Àkọtọ́ tirẹ̀ ni? Irú àlàyé bẹ́ẹ̀ lè gún régé lórí ìwé, kí ó má sì ní ìdí kankan.

Oògùn rẹ̀ dà bí ohun tí ó rọrùn: kí a yọ 128 kúrò nínú gbogbo nọ́ńbà tí ó bá ti kọjá 127. Ọ̀pọ̀ ètò kéékèèké ni wọ́n ti kọ fún iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dà WordStar kan tí ó jáde lẹ́yìn èyí gba lẹ́tà olámì, wọ́n sì ń fi wọ́n sáàárín nọ́ńbà 27 àti 28 kí wọn má baà pa wọ́n pọ̀ mọ́ òpin ọ̀rọ̀. Nínú àtẹ kóòdù 437, tí kọ̀ǹpútà IBM PC ọdún 1981 gbé wá, 160 ni á, 130 sì ni é. Ẹni tí ó bá yọ 128 kúrò níbẹ̀ láìbèèrè yóò sọ á di 32, tí í ṣe àyè òfìfo láàárín ọ̀rọ̀ méjì, yóò sì sọ é di 2, tí í ṣe àṣẹ fún WordStar pé kí ó tẹ lẹ́tà dúdú-kirikiri. Ohun tí ó wo fáìlì àkọ́kọ́ sàn ti pa fáìlì kejì.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á ya àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí sọ́tọ̀, kí á sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ.

Àdàkọ ni àkọ́kọ́. Ọmọ ilé-ìwé tí ó da ohun tí ó wà lára pátákó kọ mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí: kò gbọ́dọ̀ fi tirẹ̀ kún un, kò sì gbọ́dọ̀ yọ nǹkan kan, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ àṣìṣe olùkọ́. Ní ti kọ̀ǹpútà, àdàkọ ni gbígbé gbogbo báìtì inú díìsìkì, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ti wà, sínú ibi ìpamọ́ tuntun. Yíyára ṣe é jẹ́ dandan, nítorí ooru, ọ̀rinrin àti ìhunrírà kì í jẹ́ kí flọ́pì pẹ́ láyé. Kí á tó ti díìsìkì bọ ẹ̀rọ, ó yẹ kí á ti ọ̀nà mọ́ ẹ̀rọ náà kí ó má lè kọ nǹkan sórí rẹ̀. Lára díìsìkì oní-íǹṣì márùn-ún àti ìdámẹ́rin, ojú ibi tí a gé ní etí rẹ̀ ni a óò fi tépù bò. Lára èyí tí ó jẹ́ íǹṣì mẹ́ta àtààbọ̀, òdìkejì ni: a óò ṣí ihò kékeré igun rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti gbé àṣà díìsìkì kan lọ bá èkejì. Lẹ́yìn àdàkọ, ètò ìṣirò bíi SHA-256 yóò sọ bóyá ẹ̀dà àti orísun bára mu. Bí báìtì kan péré bá yàtọ̀, iye tí yóò mú jáde yóò yàtọ̀. Èyí ni ìdí tí àdàkọ fi jẹ́ iṣẹ́ tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà sí. A lè gbé e fún akọ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, kí ó sì ṣe é láṣeyọrí.

Àtúnkọ kò rí bẹ́ẹ̀. Àtúnkọ ni pé kí á mú ohun tí a kọ ní ìlànà ìkọpamọ́ kan, kí á tún un kọ ní ìlànà mìíràn. Ẹni tí ó bá ń tún nǹkan kọ ń yàn, ẹni tí ó bá sì ń yàn lè ṣìnà. Àwọn onímọ̀ Yorùbá ti mọ irú iṣẹ́ yìí tipẹ́tipẹ́. Lẹ́yìn tí àkọtọ́ ọdún 1974 jáde, àwọn ìwé tí ó ní aiye, ẹiyẹ, enia àti nwọn di èyí tí a tún kọ pẹ̀lú ayé, ẹyẹ, ènìyàn àti wọ́n. Iṣẹ́ rere ni, ó sì ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Síbẹ̀ kò sí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kan tí yóò gbà kí á dáná sun àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́ nítorí pé a ti tún wọn kọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará Abẹ́òkúta ṣe ń kọ̀wé nígbà tí Ìwé Ìròhìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 1859 kò lè fi àtúnkọ ṣe é. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà fún ìwé ni a ń ṣe fún fáìlì lójoojúmọ́. A óò ṣí i, a óò fi í pamọ́ ní ìlànà tuntun, orúkọ kan náà ni yóò jẹ́, a óò sì ju díìsìkì nù. Ọ̀rọ̀ náà yí padà ni ó fún wa láyè, nítorí ohun tí a bá ti yí padà kì í ní ẹ̀yìn mọ́: ẹni tí ó bá pààrọ̀ náírà sí dọ́là kò tún ní náírà náà lọ́wọ́.

Ibi tí àtúnkọ ti le jù fún wa ni ti fọ́ǹtì. Àtẹ kóòdù 437 ní à, á, è, é, ì, í, ò, ó, ù àti ú. Kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ. Latin-1 náà kò ní wọn. Nítorí náà ni àwọn tí ó ṣe fọ́ǹtì Yorùbá ní àwọn ọdún 1990 ṣe gba ipò àwọn àmì tí Yorùbá kò nílò, tí wọ́n sì ya lẹ́tà tiwa sí i. Ká ní wọ́n gba ipò 248, tí í ṣe ø nínú Latin-1, tí wọ́n ya ọ síbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí fọ́ǹtì yìí bá wà nínú kọ̀ǹpútà, ọmọ ni a óò máa rí. Ní ọjọ́ tí kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ømø ni. Nínú fáìlì, kò sí ọ níbẹ̀ rí. 248 ni ó wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, fọ́ǹtì ni ó ń bá a dá aṣọ. Kò sì sí àdéhùn láàárín àwọn tí ó ń ṣe fọ́ǹtì: ohun tí ó jẹ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnìkan lè jẹ́ ṣ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹni tí ó bá ní fọ́ǹtì náà lọ́wọ́ kò ní ìṣòro púpọ̀. Kí ó tẹ àwòrán ipò 256 náà jáde, kí ó kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti ní àtẹ ìbádọ́gba tí yóò fi ṣe àtúnkọ. Ẹni tí kò bá ní fọ́ǹtì yóò ní láti wá àtẹ náà láti inú èdè fúnra rẹ̀, níbí ni ẹlẹ́rọ sì ti nílò onímọ̀ èdè. Àmì àjèjì kan tí ó wà ṣáájú m tí ó sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, ó fẹ́ẹ̀ dájú pé ọmọ ni. Àmì tí ó máa ń wà láàárín n àti i nínú ọ̀rọ̀ kúkúrú kì í ṣe fáwẹ̀lì. Bí ohùn bá yàtọ̀ nínú ọ̀rọ̀ oníbàátì méjì, àyíká gbólóhùn ni yóò sọ èwo ni ọkọ̀, èwo ni ọkọ, èwo ni ọkọ́. Bí a bá rí àmì kan tí kò ṣeé dámọ̀, ó sàn kí á fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ láàárín akámọ́ ju kí á fi ohun tí ó dà bí ẹni pé ó bá a mu rọ́pò rẹ̀.

Ìlànà tí ó yẹ kí á tún wọn kọ sí ni Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991. Àyè wà níbẹ̀ fún ẹ, ọ àti ṣ. Kò sí àyè kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà àti àmì ohùn rẹ̀ ni a óò kọ tẹ̀lé ara wọn. Èyí ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Ẹnìkan lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ tí a fi àmì òkè lé. Ẹlòmíràn lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ó tí a fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ẹnìkẹta a kọ o, àmì abẹ́, àmì òkè. Ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí kò bá kọ́kọ́ mú wọn dọ́gba yóò sọ pé òun kò rí ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú òun. Kí ẹni tí ó ń ṣe àtúnkọ mú ọ̀nà kan, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀nà tí òun mú nìyí.

Ti WordPerfect kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ̀dà 5.1 rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1989, ń fi ara rẹ̀ hàn: 255 ni báìtì àkọ́kọ́, lẹ́tà W, P àti C sì tẹ̀lé e. Àmì yìí ni ó yẹ kí á fi mọ fáìlì, kì í ṣe ìrù orúkọ rẹ̀, nítorí láyé DOS, lẹ́tà mẹ́ta tí ó bá wu ẹni tí ó ń tẹ̀wé ni ó ń fi sí ìdí orúkọ fáìlì, ọ̀pọ̀ sì fi orúkọ ara wọn tàbí ọdún sí i. LibreOffice ń ka fáìlì WordPerfect lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń kà á dáadáa, àyàfi níbi tí fọ́ǹtì àdáṣe bá ti dá sí i.

Àfarawé ni ẹ̀kẹta. Ní ọdún 1986, BBC ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì parí Domesday Project, láti fi sàmì 900 ọdún tí ọba ilẹ̀ náà ti ní kí wọ́n ṣe ìwé ìkànìyàn àti ìkadúkìá tí wọ́n ń pè ní Domesday Book. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ó bá wọn kópa, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé-ìwé. Inú díìsìkì onílésà ni wọ́n kó o sí, kọ̀ǹpútà BBC Master àti ẹ̀rọ àkànṣe kan ni ó sì lè kà á. Kò pé ogún ọdún tí àwọn ẹ̀rọ náà fi di ohun tí a ń wá kiri, nígbà tí ìwé ọdún 1086 ṣì wà tí ó ṣeé kà. Ní ọdún 2002, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Leeds àti ti Michigan fi hàn pé kọ̀ǹpútà tuntun lè ṣe àfarawé ẹ̀rọ àtijọ́ náà, kí ó sì gbé iṣẹ́ náà jáde bí ó ti rí lọ́jọ́ tí ó dé. Kò sí fáìlì tí wọ́n tún kọ. Ọ̀nà yìí wúlò fún wa láti fi yẹ àtúnkọ wò: ẹni tí ó bá rí bí WordStar fúnra rẹ̀ ṣe gbé ojú ìwé náà jáde yóò mọ̀ bóyá igbá ni òǹkọ̀wé tẹ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kò lè wá ọ̀rọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún ewì nípa àfarawé. Àtúnkọ ni yóò ṣe ìyẹn.

Àwọn kan yóò sọ pé àyálò tó, pé kí á máa pe gbogbo rẹ̀ ní kọ́ńfáàtì, kí á sì máa bá tiwa lọ. Àyálò kì í ṣe ẹ̀sẹ̀; fáìlì, fọ́ǹtì, báìtì àti díìsìkì ti jókòó sínú èdè, kò sì sí ìdí tí a ó fi lé wọn jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fẹ́ yá yìí ní àìsàn kan náà tí yí padà ní, nítorí òun náà kò sọ bóyá ohun àtẹ̀yìnwá ṣì wà tàbí kò sí mọ́. Kí ni àǹfààní pé kí á lọ yá àìsàn? Àwọn mìíràn lè sọ pé àdàkọ àti àtúnkọ sún mọ́ ara wọn jù létí. Ẹni tí ó ń kọ́ni lè rí èyí bí àléébù, ṣùgbọ́n ìbátan àwọn iṣẹ́ náà ni ìbátan ọ̀rọ̀ ń fi hàn: kíkọ ni méjèèjì, dà àti tún ni ó yà wọ́n.

Ó ku ohun tí à ń pe ìlànà tí ayé kò lò mọ́. Àwọn ògbufọ̀ ń sọ pé ó ti gbó, bí ẹní pé aṣọ ni. Ìlànà kì í gbó. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, àtúnṣe tí Microsoft ṣe sí Office 2003 dí ọ̀nà mọ́ àwọn fáìlì Word tí ó ti pẹ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ náà gbà pé àléébù náà wà nínú ètò tí ó ń ka àwọn fáìlì náà, kì í ṣe nínú ìlànà wọn, ó sì pèsè ọ̀nà tí ó rọrùn láti ṣí ọ̀nà náà padà. Báìtì kan kò yí padà nínú fáìlì ẹnikẹ́ni láàárín oṣù mẹ́rin yẹn. Ìlànà tí a kọ̀ sílẹ̀ ni orúkọ tí ó tọ́, nítorí ènìyàn ni ó kọ̀ ọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ni ó sì ya kọ̀ sílẹ̀ kúrò lára kọ sílẹ̀. Àtúnkọ tí ó bá jẹ àmì ohùn yóò sọ méjèèjì di ọ̀kan.

Níkẹyìn, ọ̀ràn kan wà tí kọ̀ǹpútà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ Yorùbá nígbà náà kò ní fọ́ǹtì kankan. Wọ́n tẹ lẹ́tà lásán, wọ́n gbé e jáde lórí ìwé, wọ́n sì mú bírò, wọ́n fi àmì ohùn àti àmì abẹ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ewé dé ojú ewé. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lè ṣí láìsí wàhálà kankan, kí gbogbo báìtì rẹ̀ sì pé, síbẹ̀ kò ní àmì kan nínú nítorí kò ní in rí. Ìwé tí wọ́n fi bírò sàmì sí ni orísun. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àtúnkọ irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹbí òǹkọ̀wé tàbí ní yàrá ìkàwé ẹ̀ka bóyá ìwé náà ṣì wà, kí ó sì ya àwòrán rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdàkọ. Bí kò bá rí i, tí ó sì fúnra rẹ̀ fi àmì sí ọ̀rọ̀, kí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ọdún tí ó ṣe é sí iwájú iṣẹ́ náà, kí ẹni tí yóò kà á lè mọ̀ pé òun ni ó sọ pé ìgbà ni, kì í ṣe òǹkọ̀wé.